Orí Kẹfà: Àánú Ọlọ́run, Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ àti Ẹrù Ẹlẹ́rù

Nínú orí tó ṣáájú, a rí bí ìjọ Kátólíìkì ṣe pín ọdún ìjọsìn sí ìgbà. Ìgbà kan ṣoṣo la mú níbí, ìyẹn àwẹ̀ Lẹ́ǹtì, ìbéèrè kan ṣoṣo la sì gbé kalẹ̀ nípa rẹ̀: nígbà tí Ọlọ́run bá ti dárí ji èèyàn, kí ló ṣẹ́kù tí onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ní ìdáhùn lẹ́nu pé kò ṣẹ́ku nǹkan kan, kó ní sùúrù títí a ó fi dé ọ̀rọ̀ gálọ́ọ̀nù ọ̀dà. Ikeja àti Agége la fi ṣe ilẹ̀ àpẹẹrẹ, torí pé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì kì í pẹ́ kan owó oṣù, sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ àti géètì tí wọ́n ti ń tú àpò òṣìṣẹ́ wò.

Ilẹ̀ àpẹẹrẹ wa

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó ń ṣàkóso Ikeja nígbà náà, ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ò tíì sí. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Guinness kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ikeja ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di 2008. Ọ̀dà, aṣọ, oògùn, ike, bisikíìtì: kò sí èyí tí wọn ò ṣe rí láàárín Ọba Àkran, Agídíngbí àti Ògbà. Agége wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú ọ̀nà reluwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ikeja, Agége ni wọ́n ń sùn, búrẹ́dì Agége ni wọ́n sì ń rà dání kí wọ́n tó wọkọ̀.

Iṣẹ́ ló kó wọn jọ, Yorùbá, Ígbò, Ègùn, Ìdọmà, Tiv. Àwọn Kátólíìkì àárín wọn wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó, Alfred Adéwálé Martins, tó gba ipò náà lọ́wọ́ Kádínà Anthony Olúbùnmi Okogie ní 2012. Ìjọ St. Leo ní òpópónà Tóyìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú àwọn ìjọ Kátólíìkì Ikeja.

Ogójì ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Ọjọ́rú Eérú ni àwẹ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀. Màrìwò ọ̀pẹ tí ìjọ gbé lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni wọ́n máa ń sun, eérú rẹ̀ ni àlùfáà sì fi ń sàmì àgbélébùú síwájú orí èèyàn. Òṣìṣẹ́ tí ṣífìtì òwúrọ̀ ń dúró dè ní láti bá Mísà ìdájí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ìrọ̀lẹ́. Bó bá bá ti ìdájí, eérú á tẹ̀ lé e dé ìdí ẹ̀rọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa wojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìhìnrere tí wọ́n kà lọ́jọ́ náà gan-an, Mátíù orí kẹfà, ń sọ pé kí ẹni tó ń gbàwẹ̀ bọ́jú rẹ̀, kí aráyé má mọ̀. Kò tíì sí kíláàsì tí mo kọ́ tí wọn ò bá mi jiyàn lórí èyí.

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ lẹ́nu ni bí òfin àwẹ̀ náà ti kéré tó. Póòpù Paul Kẹfà tún un ṣe ní 1966, Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ọjọ́ méjì péré ni àwẹ̀ ọ̀ranyàn, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, láti ọmọ ọdún 18 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 60 ọjọ́ orí. Lọ́jọ́ méjèèjì, oúnjẹ àjẹyó kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Jíjáwọ́ nínú ẹran jíjẹ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kan ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 14. Àwọn tó ń fi ẹnu gbẹ fún odindi ogójì ọjọ́, ìfẹ́ ọkàn wọn ni. Ìjọ ò fi dandan mú wọn. Àlùfáà ìjọ sì ní agbára láti yọ ẹnì kan nínú àwẹ̀, tàbí kó fi iṣẹ́ àánú rọ́pò rẹ̀ fún un. Ẹni tó ń ti irin sínú iná ìléru fún wákàtí mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ dákú sẹ́nu ẹ̀rọ nítorí Lẹ́ǹtì.

Ní Agége, níbi tí mọ́ṣáláṣí pọ̀ sí, àwẹ̀ Kátólíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àjèjì létí aládùúgbò. Ní 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Ti 2018 àti 2024 burú fún àwọn ọ̀dọ́: ọjọ́ Falẹntáìnì ni Ọjọ́rú Eérú já sí.

Ojú asẹ́

Àwẹ̀ lásán kọ́ ni Lẹ́ǹtì. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ìdí rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ibi tí ìjọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù. Ní Carthage, tó wà ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà òde òní, ọ̀pọ̀ Kristẹni rúbọ, àwọn mìíràn sì fowó ra ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rúbọ. Nígbà tí inúnibíni náà rọlẹ̀, wọ́n padà wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní kí wọ́n máa wọlé bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan ní kí wọ́n má wọlé mọ́ láé. Bíṣọ́ọ̀bù Cyprian kọ̀ fún apá méjèèjì. Wọ́n lè wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrònúpìwàdà tí gbogbo ìjọ fojú rí. Ìpàdé ìjọ ní Lateran ní 1215 ló sọ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún di dandan. Ìpàdé Trent ní 1551 sì ṣàlàyé ohun mẹ́ta tí ẹni tó ń jẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ mú wá: ìrora ọkàn lórí ẹ̀ṣẹ̀, ẹnu tó jẹ́wọ́, àti àtúnṣe.

Ní Èkó, ìgbà kan wà tí àwọn Àgùdà ní ìgbàgbọ́ tí wọn ò ní ẹni tí wọ́n lè jẹ́wọ́ fún. Ọkùnrin kan tó ti oko ẹrú dé, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Orúkọ lásán ni Padre yẹn, kì í ṣe àlùfáà, kò sì lè tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Fadá Francesco Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní 1863, ṣùgbọ́n ó di 1868 kí àlùfáà tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ìpàdé Trent kan náà ti pèsè sílẹ̀ fún irú ipò bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá kẹ́dùn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, tó sì fẹ́ jẹ́wọ́ nígbà tó bá rí àlùfáà, ti rí àánú gbà.

Lónìí, àlùfáà wà, àkókò ni kò sí. Láti 2014 ni Póòpù Francis ti dá ètò kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Lẹ́ǹtì, pé kí ó kéré tán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní díósísì kọ̀ọ̀kan ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru fún àdúrà àti ìjẹ́wọ́. Mi ò rò pé Ikeja ló ń rò nígbà tó ń ṣe é, àmọ́ ẹni tó jáde níṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ni ètò náà bá lára mu jù.

Bí èèyàn bá kúnlẹ̀ lẹ́yìn asẹ́ ibi ìjẹ́wọ́, àwọn òfin kan ń dáàbò bò ó tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè àlùfáà lè mú ògbufọ̀ dání (òfin 990), ògbufọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àlùfáà kò gbọ́dọ̀ bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ náà (òfin 979). Èdìdì ìjẹ́wọ́ (òfin 983) ló le jù: àlùfáà kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́rọ̀ tàbí lọ́nà mìíràn kankan, nítorí ohunkóhun. Bí máníjà ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ Fadá tímọ́tímọ́, tí wọ́n jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, Fadá ò gbọ́dọ̀ fi ìpéǹpéjú sọ nǹkan kan fún un.

Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà méjìlá

Ibí ni orí yìí ń lọ látàárọ̀.

Ká ní ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan. Láàárín ọdún kan, gálọ́ọ̀nù méjìlá ti tọwọ́ rẹ̀ jáde. Kò dá a ṣe. Dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù fi tapólì bò ó, sìkọ́ríìtì géètì kọjú sí fóònù rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá, ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agége sì rà á ní ìdajì owó láì bèèrè ibi tó ti wá. Lẹ́ǹtì dé. Ọkùnrin yìí kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àlùfáà tú u sílẹ̀.

Ṣé ó ti bọ́?

Níwájú Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni: a ti dárí jì í, kò sì sí ohun tó lè fi ra ìdáríjì náà. Ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù méjìlá ṣì ń jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ ti 1992 sọ ọ́ kedere ní ìpínrọ̀ 1459 àti 2412 pé ẹni tó jalè gbọ́dọ̀ dá ohun tó jí padà, tàbí iye rẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀ tó ń sunkún, tó sì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ò ní dá nǹkan kan padà bí òun tilẹ̀ lágbára rẹ̀, ìrora ọkàn ọ̀hún kò tíì pé, ìdáríjì ò sì lè mú. Àwọn olùkọ́ kátékísímù wa máa ń sáré kọjá ibí. Wọ́n á kọ́ ọmọ ní àdúrà ìrònúpìwàdà títí tó fi lè kà á lójú oorun, wọn ò ní sọ fún un pé kó dá bírò tó jí padà.

Òfin Mósè ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹ́kísódù 22 ní kí ẹni tó jí àgùntàn tó sì pa á san mẹ́rin dípò. Númérì 5 ní kí ẹni tó jẹ́wọ́ san gbogbo rẹ̀ padà, kó fi ìdá márùn-ún lé e. Sákéù agbowó-orí nínú Lúùkù 19 mú èyí tó wúwo jù, ìlọ́po mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò sì fi ipá mú un. Ẹ ṣàkíyèsí ètò ìtàn náà: Jésù ti ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀ kí Sákéù tó dárúkọ owó. Àánú ló ṣáájú.

Thomas Aquinas, tó kú ní 1274, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ rí. Ó ní kì í ṣe ẹni tó gbé ẹrù nìkan ni ìdápadà kàn. Ó kan ẹni tó pàṣẹ, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn, ẹni tó gba ẹrù náà pa mọ́, ẹni tó bá wọn pín nínú rẹ̀, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí wọn lọ́wọ́ tó sì dákẹ́. Dírẹ́bà, sìkọ́ríìtì àti oníṣọ́ọ̀bù Agége wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ó tún sọ pé kò pọn dandan kí olè fi orúkọ ara rẹ̀ hàn fún ẹni tó jà lólè. Ó lè gba ọwọ́ àlùfáà tó jẹ́wọ́ fún dá ohun náà padà. Nítorí náà, ọkùnrin wa kò ní láti lọ dúró níwájú máníjà, kó pàdánù iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ. Ó lè kó owó sínú àpòòwé, kí Fadá bá a fi jíṣẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá ti di àwátì pátápátá, àwọn tálákà ni owó náà tọ́ sí. Ẹ má sì jẹ́ kó yára dé orí èyí o: ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé ní Ikeja lè ṣì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tíì rí owó ìfẹ̀yìntì wọn gbà.

Nígbà tí mo bá gbé àpẹẹrẹ yìí kalẹ̀, ọwọ́ kan kì í ṣàìnà lẹ́yìn kíláàsì. "Wọ́n ò sanwó ófátáìmù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe owó ara rẹ̀ ló mú ni?" Ìbéèrè náà gbọ́n, ó sì ti pẹ́. Ní 1679, Póòpù Innocent Kọkànlá dá àbá kan lẹ́bi tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ lè rọra mú nínú ẹrù ọ̀gá rẹ̀ bó bá rò pé iṣẹ́ òun ju owó òun lọ. Ọ̀rọ̀ "bó bá rò" ni ìjọ ò gbà: èèyàn kì í ṣe adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìdáhùn yẹn bo ọ̀gá mọ́lẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Fífi owó iṣẹ́ du òṣìṣẹ́ wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ, ní ìpínrọ̀ 1867, sọ pé ó ń ké dé ọ̀run. Diutarónómì 24 ní kí a san owó alágbàṣe kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé Ọjọ́rú Eérú pàápàá, Aísáyà 58 ni wọ́n ń kà nínú Mísà, níbi tí Ọlọ́run ti ń bínú sí àwọn tó ń gbàwẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ọ̀gá tó gba èèyàn sí iṣẹ́ kásúà fún ọdún mẹ́wàá kó má baà san owó ìfẹ̀yìntì, tó sì ra àga tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ gbèsè ìdápadà bíi ti ọkùnrin ọlọ́dà, gbèsè tirẹ̀ sì ju gálọ́ọ̀nù méjìlá lọ fíìfíì. Ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì kì í san án.

Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní Łódź

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Èkó, ẹ ó rí àwòrán Àánú Ọlọ́run, ìyẹn àwòrán Jésù kan tí ìtànṣán pupa àti funfun ń jáde láti àyà rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Helena Kowalska, tí a bí ní ilẹ̀ Poland ní 1905. Kò lò tó ọdún mẹ́ta nílé ìwé. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Łódź, ìlú ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun, kó tó wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1925, tó sì di Arábìnrin Faustina. Iṣẹ́ ilé ìdáná, ọgbà àti géètì ni wọ́n fún un. Ní Płock, ó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì ń tà á. Ẹ ò rí i pé ará Agége lè mọ irú ọjọ́ rẹ̀. Płock náà ló wà ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1931 nígbà tó rí ìran tí wọ́n ya àwòrán náà lé lórí. Ọjọ́ Ìsinmi kìn-ín-ní Lẹ́ǹtì ni. Ó kú ní 1938, ní ẹni ọdún 33.

Róòmù ò tètè gba ìfọkànsìn tó tinú ìran rẹ̀ jáde. Wọ́n fòfin de ìfọkànsìn náà ní 1959, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1978. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2000, Póòpù John Paul Kejì, ọmọ ilẹ̀ Poland bíi tirẹ̀, kéde Faustina ní Ẹni Mímọ́, ó sì sọ Ọjọ́ Ìsinmi kejì Àjíǹde di Ọjọ́ Ìsinmi Àánú Ọlọ́run. Àdúrà Àánú Ọlọ́run ni wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ rósárì gbà ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó ti kúrú yìí wà lára ohun tó jẹ́ kó ran kálẹ̀ láàárín òṣìṣẹ́. Ó tún jẹ́ kó rọrùn láti máa gbà á láì bá ara ẹni ṣírò gálọ́ọ̀nù.

Oba, 1998

John Paul Kejì wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1982 àti ní 1998. Ìkejì bọ́ sínú Lẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ní Oba lẹ́bàá Onitsha, ó kéde Fadá Cyprian Michael Iwene Tansi ní Alábùkún. Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Lẹ́ǹtì ni, ọ̀rọ̀ ìlàjà láti inú Kọ́ríńtì Kejì orí karùn-ún sì ni ìpìlẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Abẹ́ ìjọba ológun Sani Abacha la wà nígbà náà. Póòpù bẹ ìjọba náà pé kí wọ́n tú àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀.

Ìhìnrere tí ètò ìjọsìn yàn fún ọjọ́ náà lọ́dún yẹn ni ìtàn ọmọ onínàákúnàá, Lúùkù 15. Gbogbo èèyàn ló mọ bí bàbá ṣe sáré pàdé ọmọ, tó fi òrùka sí i lọ́wọ́, tó pa màlúù àbọ́pa. Ohun tí wọn kì í kà dáadáa ni ọ̀rọ̀ tí bàbá bá ẹ̀gbọ́n sọ níta: pé gbogbo ohun tí òun ní, tirẹ̀ ni. Wọ́n ti pín ogún. Àbúrò padà sípò ọmọ ní kíkún, aṣọ àti bàtà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìpín tó ná kò padà, bàbá ò sì yọ nínú ti ẹ̀gbọ́n láti fi dí i. Ìtàn náà parí kí a tó mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n wọlé.

Fún ìjíròrò

1. Sìkọ́ríìtì inú àpẹẹrẹ wa ò gba kọ́bọ̀. Ó kàn dákẹ́ ni. Kí ni Thomas Aquinas máa bá a sọ? Ṣé ẹ gbà?

2. Kí nìdí tí Bíṣọ́ọ̀bù Cyprian kò fi tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú apá méjèèjì ní Carthage? Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tí irú ìyapa bẹ́ẹ̀ ti wáyé nínú ẹbí tàbí ẹgbẹ́ yín.

3. Ọkùnrin ọlọ́dà rí i pé bí òun bá san gbogbo owó náà lóṣù yìí, owó ilé ìwé ọmọ òun kò ní sí. Ẹ kọ ìmọ̀ràn tí àlùfáà lè fún un, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ má fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun náà jẹ nínú owó ọ̀dà láì mọ̀.

4. Ẹ bi òṣìṣẹ́ kan àti ẹnì kan tó gba èèyàn síṣẹ́ ní àdúgbò yín pé kí ni wọ́n kà sí olè jíjà níbi iṣẹ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn méjèèjì wéra.